Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Jẹ Owó Ọlọ́pàá Tó Fẹ́ Kọ́ Ìwádìí Inú Fóònù àti Kọ̀ǹpútà

Láàárín oṣù méjì tó kọjá, ọlọ́pàá mẹ́ta ló ti pè mí lórí ọ̀rọ̀ kan náà, gbogbo wọn ló sì ti sanwó tán kí wọ́n tó pè. Ọ̀kan nínú wọn yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kó lè ra sọ́fíwíà tí kò mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣí. Ó dùn mí gan-an, torí mo mọ iye tí owó oṣù ọlọ́pàá jẹ́. Ọdún kẹtàlá mi rèé nídìí iṣẹ́ yìí, mo sì ti fi mẹ́fà nínú rẹ̀ kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ. Mi ò ní ṣàlàyé ohun tí hash jẹ́, tàbí ìdí tá a fi ń ṣe ẹ̀dà dísìkì ká tó yẹ inú rẹ̀ wò. Ẹni tí kò bá tíì mọ ìyẹn, kó lọ kọ́ ọ ná kó tó yọ owó lápò.

1. Ẹ má ra irinṣẹ́ olówó ńlá kẹ́ ẹ tó mọ iṣẹ́. Autopsy, sọ́fíwíà tá a fi ń yẹ inú dísìkì wò, ọ̀fẹ́ ni. FTK Imager, tá a fi ń ṣe ẹ̀dà dísìkì, ọ̀fẹ́ ni. Àjọ NIST ti ìjọba Amẹ́ríkà gbé àwọn dísìkì ìdánrawò sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni ló lè gbà á sílẹ̀ kó fi kọ́wọ́ láìsan kọ́bọ̀. Ẹni tí kò bá tíì lè fi Autopsy wá fáìlì tí wọ́n pa rẹ́ lórí fúláàṣì jáde, kò tíì yẹ kó máa ronú Cellebrite, irinṣẹ́ tó ń yọ ohun inú fóònù jáde. Irinṣẹ́ gidi ni Cellebrite, mo ń lò ó. Àmọ́ dọ́là ni wọ́n fi ń gba owó láísẹ́ǹsì rẹ̀, ọdọọdún sì ni. Látìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ láàárín ọdún 2023, ọrùn ń wọ iléeṣẹ́ ìjọba pàápàá lórí owó yẹn. Kì í ṣe ẹrù tí ẹnì kan ń fi owó oṣù gbé.

2. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n á fún yín ní sàtífíkéètì láì jẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ kan fóònù kankan: ẹ má san án.

3. Ẹ yé fọwọ́ tẹ fóònù afurasí. Torí èyí gan-an ni mo ṣe jókòó kọ̀wé.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Wọ́n mú èèyàn, fóònù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó mú un gbà á, ó wo WhatsApp. Ó gbé e fún ẹnìkejì, ìyẹn náà wo fọ́tò. Nínú ọkọ̀, ẹlòmíràn tún ń ka àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tí báńkì fi ránṣẹ́. Kí wọ́n tó dé tẹ́ṣàn, ọwọ́ márùn-ún ti kàn án, kò sì sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á gbé e wá bá mi nínú náílọ́ọ̀nù dúdú, bátìrì á ti kú, wọ́n á ní, “Ọ̀gá, ẹ bá wa yọ ẹ̀rí inú ẹ̀.”

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n gbé fóònù kan wá bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ jìbìtì ni. Wọ́n ti kó owó ìfẹ̀yìntì tíṣà àgbà kan lọ pátá, ìyá náà sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Mo yọ ohun inú fóònù náà. Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tá a ò tíì mú: “Pàdé mi níbi tá a máa ń pàdé, mú káàdì yẹn dání.” Nínú ìròyìn tí sọ́fíwíà tẹ̀ jáde, aago 11:25 alẹ́ ni wọ́n fi í ránṣẹ́. Nínú ìwé tẹ́ṣàn, aago 11:50 alẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n mú afurasí. Gbogbo wa yọ̀. A ní ẹ̀rí rèé pé òun àti ẹnìkejì jọ ń ṣe é.

Mo dúró nínú àpótí ẹlẹ́rìí, mo sì búra. Mo sọ fún adájọ́ pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kí wọ́n mú olùjẹ́jọ́ ló tẹ ọ̀rọ̀ náà. Agbẹjọ́rò rẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin kan tí kò gbé ohùn sókè rárá, ní kí n ka ohun tó wà lókè ojú ìwé náà. Lẹ́tà kéékèèké ni. Mo kà á: UTC+0, ìyẹn aago àjùmọ̀lò àgbáyé. Ó ní kí n sọ fún kóòtù iye wákàtí tí aago Nàìjíríà fi ṣáájú ìyẹn. Wákàtí kan ni. Ó ní, “Aago mélòó wá ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ ní aago wa?” Mo ní aago 12:25 òru. “Níbo ni oníbàárà mi wà nígbà yẹn?” Àtìmọ́lé ni. “Ọwọ́ ta ni fóònù wà?” Ọwọ́ wa ni.

Ọ̀kan nínú àwọn tó lọ mú un ló tẹ ọ̀rọ̀ náà. Ó fẹ́ fi dẹkùn fún ẹnìkejì ni, ọkàn rẹ̀ dáa. Ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kò kọ ọ́ síbì kankan, èmi náà ò sì wo orí ìwé tí mo fọwọ́ sí. Adájọ́ ní òun ò lè mọ èyí tí olùjẹ́jọ́ tẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ọlọ́pàá tẹ̀, ó sì da gbogbo ẹ̀rí inú fóònù náà nù. Ìyá tíṣà wà lórí bẹ́ǹṣì kejì, ó wé gèlè àdìrẹ, ó gbé báàgì rẹ̀ lé orí itan. Nígbà tá a jáde, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, “Ọmọ mi, kí ni wọ́n sọ? Ṣé wọ́n máa dá owó yẹn padà?” Mi ò rí nǹkan sọ. Torí ìyá yẹn ni mo ṣe ń bínú nígbàkígbà tí mo bá rí ọlọ́pàá tó ń fi àtàǹpàkò yí fóònù afurasí sókè sódò.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe rèé, kò sì le. Ẹ ya fọ́tò ojú fóònù bẹ́ ẹ ṣe bá a. Ẹ kọ aago ọwọ́ yín àti aago tó wà lójú fóònù náà, torí wọ́n lè yàtọ̀ síra. Ẹ fi sí airplane mode, kẹ́ ẹ sì rí i dájú pé Wi-Fi àti Bluetooth náà kú, torí àwọn fóònù kan wà tí airplane mode kì í pa méjèèjì yẹn. Bí ó bá ṣí sílẹ̀, ẹ má pa á, ẹ má sì jẹ́ kí bátìrì rẹ̀ kú. Fóònù òde òní tó bá kú tó tún tàn, kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí ohun inú rẹ̀ ti kúrò ní ìrántí rẹ̀, ó di ìgbà tí wọ́n bá tẹ PIN kó tó padà. Ẹ fi páwà báǹkì sí i, kẹ́ ẹ kó àtòun àti fóònù sínú àpò Faraday pọ̀, ìyẹn àpò tí kì í jẹ́ kí ńẹ́tíwọọ̀kì wọlé. Bẹ́ ẹ bá gbé wáyà gba ẹnu àpò jáde, wáyà yẹn á di eríàlì fún un. Kẹ́ ẹ tó lo àpò náà rárá, ẹ kọ́kọ́ fi fóònù tiyín sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ pè é: bí ó bá dún, àpò yẹn ò wúlò. Ẹni tó bá wà níta lè jókòó sílé rẹ̀ kó pa gbogbo ohun inú fóònù náà rẹ́ nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń gba ojú títì lọ, ìdí nìyẹn tá a fi ń yára gé e kúrò lórí ńẹ́tíwọọ̀kì.

Bí ó bá wá di dandan pé kẹ́ ẹ fọwọ́ tẹ nǹkan, bóyá torí ẹ̀mí ẹnì kan wà nínú ewu, ẹ tẹ̀ ẹ́, àmọ́ ẹ kọ ọ́: ta ló tẹ̀ ẹ́, kí ló tẹ̀, aago mélòó, kí nìdí. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ACPO, ti fi í sínú ìlànà mẹ́rin wọn tí wọ́n tún tẹ̀ jáde ní 2012: ẹni tó bá máa fọwọ́ kan ojúlówó ẹ̀rí gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ lè ṣàlàyé ohun tó ṣe, gbogbo ìgbésẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀ débi pé ẹlòmíràn lè tún un ṣe kó sì bá ohun kan náà. Ẹgbẹ́ yẹn ti túká, ìlànà náà ò kú. Ìwé àkọsílẹ̀ ẹlẹ́yìn líle àti bíírò ló fẹ́. Mo ti rí kíláàsì tó gba owó gọbọi lọ́wọ́ àwọn èèyàn tí kò fi wákàtí kan péré kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé yìí.

4. MD5, ọ̀kan lára àwọn hash tá a fi ń mọ̀ pé ẹ̀dà ò yí padà, òun nìkan ò tó. Láti 2004 ni wọ́n ti fi hàn pé fáìlì méjì tó yàtọ̀ lè ní MD5 kan náà. Ẹ fi SHA-256, hash tó lágbára jù ú lọ, kún un.

Ọ̀rọ̀ aago wá ńkọ́? Ẹ ti rí ohun tí ojú mi rí. Kẹ́ ẹ tó tẹ ìròyìn jáde, ẹ tún aago sọ́fíwíà ṣe sí ti Nàìjíríà, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà sójú ewé àkọ́kọ́ pé aago wo lẹ lò.

Èyí tó kàn ni abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011, tó sọ bí ohun tí kọ̀ǹpútà mú jáde ṣe lè di ẹ̀rí ní kóòtù. Àwọn èèyàn ń rò pé iṣẹ́ agbẹjọ́rò ni. Iṣẹ́ yín ni. Nínú ẹjọ́ Kubor àti Dickson, tó jáde látinú ìdìbò gómìnà ìpínlẹ̀ Bayelsa ní 2012, wọ́n tẹ ìwé jáde látorí íntánẹ́ẹ̀tì gbé wá síwájú kóòtù, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì ní kò ṣeé gbà torí wọn ò tẹ̀ lé abala yẹn. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí òfin náà ní 2023 ò ní kẹ́ ẹ má ṣe é mọ́. Ìwé ẹ̀rí tí òfin ń béèrè gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀rọ tó mú ìwé náà jáde, ọ̀nà tó gbà mú un jáde, àti pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹni tó wà nípò láti dáhùn fún ẹ̀rọ náà ló máa fọwọ́ sí i. Mo ti rí èyí tí ọ̀gá tẹ́ṣàn fọwọ́ sí, ọ̀gá tí kò tíì rí kọ̀ǹpútà náà rí. Wọ́n bi í ní ìbéèrè méjì péré, ó parí.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọjọ́ lọ lórí yín. Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, ní kí àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ tọ́jú àkọsílẹ̀ fún ọdún méjì, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ tó wà lókè òkun lè má dúró dè yín tó bẹ́ẹ̀. Nàìjíríà ti wọ Àdéhùn Budapest, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, láti 2022. Lábẹ́ àdéhùn yẹn, ẹ lè ní kí wọ́n ṣáà tọ́jú ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fún ọgọ́ta ọjọ́, ó kéré tán, nígbà tí ìwé ilé ẹjọ́ ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Mo mọ àwọn tó ti lo oṣù mẹ́rin lórí kíkọ lẹ́tà kan ṣoṣo, tí wọ́n sì bá òfìfo níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí wọ́n fi ṣe olórí ẹ̀ka tàbí alákòóso iṣẹ́ àkànṣe, ó ku tiyín. Ínspẹ́kítọ̀ kan sanwó ẹ̀kọ́ PMP, ìwé ẹ̀rí àwọn alákòóso iṣẹ́ àkànṣe, láì béèrè ẹni tó lè jókòó ìdánwò náà. Ẹni tó ní dígírì ní láti ti darí iṣẹ́ fún oṣù 36, kó sì ti gba ẹ̀kọ́ wákàtí 35. Òun ò tíì darí iṣẹ́ kankan rí. CAPM, ìwé ẹ̀rí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, wà fún irú rẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún un, owó ti lọ.

Àmọ́ èyí tó ń dùn mí jù ni yàrá ìwádìí tí wọ́n ń ṣí tí kì í pẹ́ ọdún kan. Mo wà nínú irú rẹ̀ kan, mo sì wà lára àwọn tó kọ ètò rẹ̀, nítorí náà mo pín nínú ẹ̀bi. A gé ríbọ́n, a ya fọ́tò. Èèyàn mẹ́rin la kọ́. Kó tó pé oṣù kẹwàá, wọ́n ti fún méjì ní tíránsífà lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹnì kan ti lọ ṣiṣẹ́ ní báńkì. Láísẹ́ǹsì kú lóṣù kejìlá, torí a ò kọ owó ọdún kejì sínú ìwé ètò ìnáwó. Ìgbà tí mo padà débẹ̀, mo bá kọ́kọ́rọ́ USB sọ́fíwíà náà nínú dúrọ́ọ̀, wọ́n fi tíṣù wé e, rọ́bà dè é, ẹni tó sì mọ ọ̀rọ̀ aṣínà kọ̀ǹpútà ti wà ní Yola.

Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ mú bébà kan. Ẹ kọ owó láísẹ́ǹsì ọdún kejì àti ìkẹta sí i, àti ibi tó ti máa wá. Ẹ kọ orúkọ èèyàn méjì sí iwájú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ẹnì kan. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá lókè pé wọn ò ní gbé àwọn tẹ́ ẹ kọ́ kúrò kí ọdún mẹ́ta tó pé, àti pé bí ó bá di dandan, wọ́n á lo ọ̀sẹ̀ méjì fi kọ́ ẹni tó gba ipò wọn. Ẹ ṣírò iná, torí iná tó bá lọ nígbà tí ẹ̀dà dísìkì dé ìdajì, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ ṣírò ibi ìkóǹkanpamọ́ náà: fóònù 40 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 128GB, tẹ́ ẹ bá ṣe ẹ̀dà méjì méjì, ó ti ju 10TB lọ. Tẹ́ṣàn kan lè kó fóònù 40 jọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Àwọn tó ń bi mí pé kí ni kí àwọn fi owó díẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ṣe: ẹ ra àpò Faraday kan, dísìkì àfikún méjì, ìwé àkọsílẹ̀ ẹlẹ́yìn líle tí ojú ewé rẹ̀ ní nọ́ńbà. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ní ìsinmi, ẹ lọ jókòó sẹ́yìn kóòtù níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọn kì í gba owó ìwọlé. Ẹ mú ìwé yẹn dání, kẹ́ ẹ sì kọ gbogbo ìbéèrè tí agbẹjọ́rò bá bi ọlọ́pàá tó wà nínú àpótí. Ibi tó bá ti ní, “Aago mélòó?”, ẹ fàlà sí i nídìí.