Bí ẹ ṣe lè gba owó gbà-má-bínú lórí sójà tó ṣubú kú lẹ́nu eré ìdárayá

Ìwé ẹ̀rí ikú tí mo máa ń rí lọ́wọ́ ẹbí sójà kì í sábà ju ọ̀rọ̀ méjì lọ: "Ọkàn dákẹ́." Ta ló kú tí ọkàn rẹ̀ kò dákẹ́? Irú ìwé yìí ni wọ́n máa ń fi sọ pé àìsàn ara rẹ̀ ló pa á, kì í ṣe iṣẹ́ ọba.

Ọjọ́ tí ẹ bá gbọ́ ni kí ẹ ti ra ìwé ìkọ̀wé kan. Aago mélòó ló ṣubú? Ta ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ láyà? Ìgbà wo ni ẹ̀rọ tó ń ta ọkàn jí dé? Ta ló gbọ́ pé ó ráhùn? Bírò ni kí ẹ lò, ẹ jẹ́ kí pẹ́ńsù sinmi.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé nìyí: ẹ má sìnkú kí dókítà tó yẹ òkú wò. Mo mọ ẹbí kan tó sin ọmọ wọn láàárín ọjọ́ méjì, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí wọ́n fọ̀bẹ kàn án. Ó yé mi. Àmọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ débi owó, kò sí ohun tí wọ́n rí nàka sí.

Ìyẹ̀wò wẹ́rẹ́ kò sì tó. Ní Amẹ́ríkà, láti 1977 sí 2001, àwọn olùwádìí ka ikú òjijì 126 láàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ sójà, láìka ti ìfarapa. 108 nínú wọn jẹ mọ́ eré ìdárayá. Nínú gbogbo 126 náà, wọ́n rí àbùkù ọkàn lára 64, ṣùgbọ́n 44 wà tí wọn kò rí ohun tó pa wọ́n. Nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n tọ́jú ọkàn náà fún dókítà tó mọ̀ nípa ọkàn dunjú, kí wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò kékeré ọlọ́mọrí elése-àlùkò. Ẹ̀jẹ̀ yẹn lè fi àbùkù àjogúnbá hàn, ó sì lè gba àbúrò rẹ̀ là.

Ooru ló burú jù, torí kì í fi ojú àpá sílẹ̀ púpọ̀. Ohun tó ń tú u fó ni bí ara ṣe gbóná tó nígbà tó ṣubú, tí wọ́n wọ̀n láti ihò ìdí. Ti abíyá kò ṣeé gbára lé. Ẹ béèrè ìwé ẹni tó kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé AS ni irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa lè tẹ̀ bí dòjé lẹ́yìn ikú náà, nítorí náà àyẹ̀wò òkú nìkan kò lè fi hàn pé AS ló pa á. Ẹ wá èsì àyẹ̀wò ọjọ́ tó wọṣẹ́.

Aago ọwọ́ tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù ń kọ́? Ẹ má tún un tàn, ẹ má fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ̀. Ẹ fi sínú àpòòwé, ẹ lẹ̀ ẹ́.

Àbùkù tí wọ́n bí mọ́ ọn kò ti ilẹ̀kùn. Ohun tí ẹ ń lépa ni àṣẹ tí wọ́n pa. Ní July 2013, ọmọ ogun mẹ́ta kú lẹ́yìn ìrìn líle nínú ooru ní Brecon Beacons, ní Wales. Ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí wọ́n wà hàn wà lára wọn. Adájọ́ tó wádìí ikú náà sọ ní 2015 pé àìbìkítà wà níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ béèrè.

Ẹ ya owó méjì sọ́tọ̀. Èyí tó jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni tó kú lẹ́nu iṣẹ́ kì í béèrè ẹ̀bi: ní Amẹ́ríkà, $100,000 ni. Èkejì ni èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹnì kan jẹ̀bi kí ẹ tó rí i gbà. Níbẹ̀ kan náà, láti 1950 ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti ní sójà kò lè pe ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́ lórí ohun tí iṣẹ́ fà. Ẹ béèrè èyí lọ́wọ́ lọ́yà kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún un.

Fọ́ọ̀mù kò le. Ẹ̀dà ni kí ẹ fún wọn, kí ojúlówó wà nílé. Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú déètì àti orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i.