Tẹ́ ẹ bá ń wo eruku tó yí ìràwọ̀ ká, ẹ má tètè pariwo pílánẹ́ẹ̀tì

Àṣìṣe tó ń mú èèyàn jù nìyí: wọ́n á rí àmì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùka eruku, kíá, pílánẹ́ẹ̀tì ti dé! Ẹ wo ìràwọ̀ Fomalhaut, tí ò ju nǹkan bíi light-year 25 sí wa (light-year kan ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ máa ń rìn dé lọ́dún kan), 2008 ni wọ́n kéde pílánẹ́ẹ̀tì kan níbẹ̀ látinú fọ́tò Hubble, télískóòpù tó wà lójú òfuurufú, àmọ́ ṣe ni nǹkan ọ̀hún ń fẹ̀ tó sì ń ṣá, nígbà tó fi máa di 2014 wọn ò rí i mọ́, ìwádìí tó jáde ní 2020 wá sọ pé àfàìmọ̀ ni ò fi ní jẹ́ eruku lásán, tó tú ká nígbà tí àpáta ńlá méjì kọlu ara wọn. Hubble lẹ ń gbọ́ yẹn o, kì í ṣe télískóòpù yẹpẹrẹ. Torí náà fọ́tò kan ò tó. Ẹ tún un yà lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, tí àmì náà ò bá bá ìràwọ̀ yẹn rìn, galaxy, ìyẹn àgbájọ ìràwọ̀, tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún lè ni.

Èkejì, ẹ má gba gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà bá fún yín gbọ́. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ló máa ń bo eruku mọ́lẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò, ọ̀nà kan ni pé ká jẹ́ kí ọ̀run máa yí lójú kámẹ́rà, ohun tí ò bá yí, ká yọ ọ́. Ó dáa fún ìràwọ̀ Beta Pictoris, tí eruku rẹ̀ fi ẹ̀gbẹ́ kọjú sí wa, àmọ́ òrùka tó kọjú sí wa gbalaja, bó ṣe yí náà ló ṣe rí, ni kọ̀ǹpútà á bá jẹ ẹ́ mọ́ ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀! Nígbà míì á tún fi àlàfo dúdú sílẹ̀, àwọn kan á ní pílánẹ́ẹ̀tì ló gbẹ́ ẹ. Ẹ fi òrùka ayédèrú sínú dátà yín kẹ́ ẹ tó yọ ohunkóhun, kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa jáde.

Ẹ má sì rò pé eruku yẹn ṣẹ́ kù látìgbà tí wọ́n bí ìràwọ̀ náà, Beta Pictoris ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 20, eruku kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àwọn àpáta tó ń fọ́ ló ń pèsè tuntun. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ sì máa ń ti èyí tó kúnná jù lọ síta, tó bá jẹ́ ibi táwọn àpáta fúnra wọn wà lẹ ń wá, fọ́tò ALMA, télískóòpù rédíò tó ń rí eruku tó tóbi díẹ̀, ni kẹ́ ẹ lọ wò, ẹ fi fọ́tò Hubble sílẹ̀ ná.