Bẹ́ ẹ ṣe máa mú kámpà kékeré tí ò ní dá yín lágara

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà nílùú Ọba, tẹ́ ẹ ń wá kámpà kékeré, ìyẹn ọkọ̀ téèyàn lè sùn kó sì dáná nínú ẹ̀, tẹ́ ẹ máa fi ṣe fàájì kiri Scotland, Wales àti etí òkun Cornwall, ẹ fi àwọ̀ ìjókòó àti iná wínníwínní tó ń tàn lókè yẹn sílẹ̀ ná, gíga ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọ̀n. Ọ̀pọ̀ páàkì létí òkun níbí, irin ni wọ́n gbé dábùú ẹnu ọ̀nà wọn, ó sì sábà máa ń wà ní mítà 2 tàbí díẹ̀ lé, ọkọ̀ tó bá ga jù bẹ́ẹ̀ á kàn máa wo òkun lókèèrè ni. Ohun tó jẹ́ káwọn èèyàn máa wá Volkswagen California kiri nìyẹn, òrùlé ẹ̀ ṣeé gbé sókè lálẹ́, tẹ́ ẹ bá pa á dé láàárọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní T6.1 nínú wọn ò ga ju mítà 1.99 lọ. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá lọ gbé àpótí sórí ẹ̀, ó tán.

Ẹ má gbójú fo fífẹ̀ o. Ọ̀nà North Coast 500 tó yí àríwá Scotland po, láti Inverness padà sí Inverness, ó lé ní máìlì 500, ibi tí ọkọ̀ kan ṣoṣo lè gbà sì pọ̀ níbẹ̀, ẹ máa yà sí àyè kékeré tí wọ́n fi sílẹ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ lè kọjá. Wọ́n tiẹ̀ ri bọ́ọ̀dù mọ́ ìsàlẹ̀ òkè Bealach na Bà pé ọ̀nà yẹn kì í ṣe tàwọn tó ń kọ́ mọ́tò tàbí ọkọ̀ gbàǹgbà.

Bẹ́ẹ̀dì ńkọ́? Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á tẹ́ ẹ lójú yín, kẹ́ ẹ bọ́ bàtà, kí tọkọtaya jọ dùbúlẹ̀ kẹ́ ẹ na ẹsẹ̀ dáadáa, ẹ má tijú. Ti Caddy California, àbúrò California tá a sọ lẹ́ẹ̀kan, fẹ̀ ní mítà 1.07, bẹ́ẹ̀dì dọ́bù tá à ń sùn nílé níbí sì jẹ́ 1.35, tí ọ̀kan nínú yín bá ń hanrun tàbí tó ń jà lójú oorun, ẹ yáa rò ó dáadáa. Ẹ tún ka bẹ́líìtì, torí wọ́n lè ní èèyàn mẹ́rin ló ń sùn nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ wá débẹ̀ kẹ́ ẹ rí ìjókòó oníbẹ́líìtì mẹ́ta péré.

Ti ìdáná, èmi ò rí ìdí tẹ́nì kan fi máa sanwó gọbọi torí kíṣìnnì inú kámpà kékeré. Ẹ din ata nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òórùn ẹ̀ á wà lára tìmùtìmù títí dé Glasgow. Èyí tí sítóòfù ẹ̀ wà lẹ́yìn, tẹ́ ẹ lè ṣí bùútù kẹ́ ẹ dúró níta dáná, òun ni mo fara mọ́. Ẹ sáà rí i pé alámù kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì wà nínú ẹ̀, èéfín yẹn ò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun, ẹ má sì gbé èédú tó ń jó wọnú ọkọ̀ torí òtútù láéláé.

Tó bá jẹ́ tòkúnbọ̀ lowó yín ká, Mazda Bongo tí wọ́n kó wá láti Jàpáánì rọjú ju California lọ fíìfíì, òrùlé ọ̀pọ̀ nínú wọn náà ń gbéra sókè. Ẹ wọ abẹ́ ẹ̀ lọ wo ìpẹtà, kẹ́ ẹ wa á pẹ́ títí kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ń gbóná jù, torí ẹjọ́ táwọn èèyàn máa ń rò nípa ẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ń gbé London, onídísù ẹ̀ ò bá yín mu rárá: látọjọ́ 29 oṣù kẹjọ 2023 ni ULEZ, ìyẹn òfin tó ń mú káwọn ọkọ̀ tí èéfín wọn pọ̀ jù máa sanwó, ti kárí gbogbo London, dísù tí ò bá tó Euro 6 (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí èéfín ọkọ̀ ṣe mọ́ tó) ń san £12.50 lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá jáde, onípẹtiróòlù ní tiẹ̀, Euro 4 ti tó. Ẹ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ náà sórí ìkànnì TfL, àwọn tó ń bójú tó ìrìnnà ní London, kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ tún tẹ̀ ẹ́ sórí GOV.UK kẹ́ ẹ wo MOT ẹ̀ àtẹ̀yìnwá, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń ṣe fún ọkọ̀, ọ̀fẹ́ ni, ibi tó ti kùnà àti iye máìlì tó ti rìn á hàn kedere. Ẹ sọ fáwọn oníinṣọ́ránsì pé wọ́n ti sọ ọ́ di kámpà, ẹ má pè é ní ọkọ̀ fáànù (van) lásán.

Kẹ́ ẹ tó ra, ẹ háyà irú ẹ̀ fún wíkẹ́ńdì kan, kì í sì í ṣe lóṣù kẹjọ o, oṣù kọkànlá ni, nínú òjò, nígbà tílẹ̀ ń ṣú ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó jẹ́ pé inú ẹ̀ náà lẹ máa ká jọ sí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Tẹ́ ẹ bá ṣì ń bá ara yín sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ lọ sanwó.