Kíkọ́ Ọmọ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ní Sáyẹ́ǹsì: Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Sọ Èrò Rẹ̀ Kí Ó Tó Wò Ó

Ní ọ̀pọ̀ kíláàsì wa, ohun tí à ń pè ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kò ju kí olùkọ́ kọ àlàyé sójú pátákó, kí àwọn ọmọ dà á kọ sínú ìwé, kí wọ́n sì máa kà á lákàtúnkà títí ọjọ́ ìdánwò yóò fi pé. Ọmọ tó gba gbogbo máàkì nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ lè má tíì fi ojú ara rẹ̀ wo ẹyọ kan nínú gbogbo ohun tó kọ sílẹ̀. Àwọn olùkọ́ kò ṣàìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Èsì tí wọ́n sábà máa ń fọ̀ ni pé kò sí yàrá àyẹ̀wò, kò sí irinṣẹ́, àwọn ọmọ sì pọ̀. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, sáyẹ́ǹsì ọmọ ọdún mẹ́fà sí mọ́kànlá kò nílò yàrá àyẹ̀wò. Ohun tó nílò ni kí olùkọ́ gbé ohun kan tó ṣeé fojú rí síwájú ọmọ, kí ó bi í pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀, kí ó sì ní sùúrù láti gbọ́ èsì kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan náà.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ìbéèrè yìí ni pé ọmọ tó bá ti sọ èrò rẹ̀ létí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní lè gbé ojú kúrò lára ohun tí a fẹ́ ṣe. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá tòun ló jóòótọ́. Nítorí náà, ẹ gba gbogbo èsì, ẹ kọ wọ́n sójú pátákó bí wọ́n ṣe sọ wọ́n, ẹ ka ọwọ́ àwọn tó fara mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì jẹ́ kí ojú yín tàbí ohùn yín tú àṣírí èyí tó tọ̀nà. Ọmọ gbọ́n, bó bá rí i pé ojú olùkọ́ ni èsì wà, ojú olùkọ́ ni yóò máa wò.

Ẹ jẹ́ ká fi ìsápá ṣe àpẹẹrẹ. Ìsápá pupa gbígbẹ, èyí tí wọ́n fi ń se sóbò, kò wọ́n lọ́jà, ẹ̀kúnwọ́ kan sì tó kíláàsì kan. Ẹ da omi gbígbóná lé e lórí nílé, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ sì sẹ́ ẹ sínú ìgò. Ẹ bu ṣíbí eérú méjì sínú ife omi kan, ẹ rò ó pọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ títí omi orí rẹ̀ yóò fi tòrò, kí ẹ rọra da èyí tó tòrò sọ́tọ̀. Ẹ mú ọsàn wẹ́wẹ́ mélòó kan dání, pẹ̀lú ife mẹ́rin tí a lè rí inú wọn láti ìta.

Nínú kíláàsì, ẹ da omi ìsápá tó dọ́gba sínú ife mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ má fi nǹkan kan sí àkọ́kọ́, nítorí òun ni a ó máa fi wé àwọn yòókù. Ẹ béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí omi lásán bá wọ ife kejì, kí ẹ tó dà á sí i: pupa rẹ̀ yóò dín díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní di àwọ̀ mìíràn. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ife kẹta, yóò sì pọ́n yòò ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ife kẹrin ni ti omi eérú, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ sì máa kán an sí i kí ojú àwọn ọmọ lè bá a rìn: pupa yóò di elése àlùkò, yóò máa fà sí àwọ̀ aró, nígbà tó bá sì yá, yóò dà bí àwọ̀ ewé. Ibí yìí ni ariwo ti máa ń sọ. “Àǹtí, ó ti di ewé!” Ẹ jẹ́ kí wọ́n pariwo, lẹ́yìn náà kí ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù lọ́jọ́ náà: bí a bá fún ọsàn sínú èyí tó ti di àwọ̀ ewé yìí, ǹjẹ́ yóò padà di pupa? Ó máa ń padà, bí ọsàn náà bá ti tó.

Ìgbà tí wọ́n bá rí gbogbo èyí tán ni kí ẹ tó pe orúkọ: ásíìdì ló wà nínú ọsàn, álíkálì ló wà nínú omi eérú. Ọmọ tí wọ́n ti ń se ọṣẹ dúdú nílé wọn mọ eérú èèpo kòkó dáadáa, inú rẹ̀ yóò sì dùn láti gbọ́ pé álíkálì yìí kan náà ló ń sọ epo di ọṣẹ. Ní ọjọ́ kejì, ẹ ní kí wọ́n mú omi ọṣẹ, omi ògì kíkan, omi iyọ̀ àti omi kànga wá, kí wọ́n sì kọ́kọ́ pín wọn sí ọ̀wọ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe rò pé ìsápá yóò ṣe, kí a tó dán ọ̀kankan wò. Òfin kan wà tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀: omi eérú léwu fún ojú, kò sì sí ohun tí a fi ṣe àyẹ̀wò tí ọmọ gbọ́dọ̀ tọ́ wò, ì báà jẹ́ sóbò tí wọ́n ń mu nílé.

Èdè tí àwọn ọmọ fi ń dáhùn ṣe kókó. Bí ẹ bá ní kí ọmọ kíláàsì kejì sọ èrò rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ tó bá rántí ni yóò sọ, kì í ṣe ohun tó rò. Láti ọdún 1970 ni àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa ṣáájú wọn, ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, ìṣirò àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lágbedeméjì lọ, wọn kò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. N kò ní kí a pa Gẹ̀ẹ́sì tì, nítorí ìdánwò ń bọ̀. Kí ọmọ rò ó, kí ó sọ ọ́, kí ó jiyàn lé e lórí ní Yorùbá. Bó bá ti yé e, kí a wá fún un ní orúkọ tí yóò bá pàdé nínú ìwé ìdánwò.

Gbogbo ìwé ló mẹ́nu ba ẹ̀wà gbígbìn, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ ṣáà gbé ike kan tó ní òwú tútù àti ẹ̀wà sẹ́nu fèrèsé, kí ẹ gbé irú rẹ̀ sínú páálí tí ìmọ́lẹ̀ kò wọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò sọ pé ti inú òkùnkùn kò ní hù. Yóò hù, yóò sì ga ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n igi rẹ̀ yóò tín-ín-rín, ewé rẹ̀ yóò sì ní àwọ̀ ìyeyè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn wá ibi tí oúnjẹ tó fi hù ti wá, kí ẹ tó la ẹ̀wà tútù sí méjì fún wọn láti wo inú rẹ̀.

Fún kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà, igi kan tó ga ní mítà kan, tí a rì mọ́lẹ̀ lóòró ní àgbàlá, lè kọ́ni fún ọdún kan. Ẹ bi wọ́n léèrè aago tí òjìji rẹ̀ yóò kúrú jù. Gbogbo wọn ni yóò sọ pé aago méjìlá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi òkúta sàmì sí orí òjìji náà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá láti aago méjìlá sí aago kan ààbọ̀. Ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀, nǹkan bí aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú 45 ni òjìji máa ń kúrú jù, kì í sì í jìnnà sí i ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 lọ síwá tàbí sẹ́yìn jálẹ̀ ọdún. Ìdí rẹ̀ ni pé ìlà àfojúrò láti àríwá sí gúúsù ayé, èyí tí aago Nàìjíríà bá mu, wà ní ìlà-oòrùn wa, ó tilẹ̀ ré kọjá ààlà orílẹ̀-èdè yìí, oòrùn sì ti ga dé góńgó lọ́hùn-ún kó tó ga dé góńgó lọ́dọ̀ wa. Bí wọ́n bá wọn òjìji náà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, wọn yóò rí i pé ní oṣù Kejìlá, ó gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 60, ó sì kọjú sí àríwá, ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù Kẹfà bá ń parí lọ, ó ti di nǹkan bí 29, ó sì ti yí padà sí gúúsù. Ẹ kìlọ̀ fún wọn gidigidi pé ilẹ̀ ni kí wọ́n máa wò, kí wọ́n má wo oòrùn.

Bí àwọn ọmọ bá pọ̀, ẹ pín wọn sí ẹlẹ́ni mẹ́fà-mẹ́fà, kí ẹnì kan máa da nǹkan, kí ẹnì kan máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹnì kan máa yà á, kí iṣẹ́ sì máa yí kiri kí ó má baà jẹ́ ọmọ kan náà ni yóò máa dì ife mú lójoojúmọ́. Nígbà tí ẹ bá sì ń ṣètò ìdánwò, ẹ fi irú ìbéèrè yìí kan kún un: Bọ́lá da omi kan sínú omi ìsápá, àwọ̀ ìsápá náà kò sì yí padà; ó ní omi lásán ni. Ǹjẹ́ ó lè dá a lójú? Báwo ni yóò ṣe wádìí rẹ̀? Ẹ fún ọmọ tó bá rántí omi iyọ̀, tó sì ṣàlàyé bí òun yóò ṣe fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀, ní máàkì tó ju ti ẹni tó kàn kọ “bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “bẹ́ẹ̀ kọ́” lọ.