Bí mo ṣe kan pátákó gọ́ọ̀fù kékeré tó ṣeé gbé kiri, tí ojú rẹ̀ sì ṣeé yí padà

Àpótí méjì ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 122, ó sì fẹ̀ ní 61. Tí a bá dè wọ́n pọ̀ ní orí sí ìdí, ojú ìṣeré á gùn ní sẹ̀ǹtímítà 244. Ìdajì pílíwúùdù kan tó fún ìsàlẹ̀ àpótí méjèèjì, ìdí nìyẹn tí mo fi yan ìwọ̀n yìí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á tó kílò 15, àgbàlagbà kan lè gbé e wọ kọrópè láìbẹ ẹnikẹ́ni.

Bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù kò gbọdọ̀ kéré ju mìlímítà 42.67 lọ ní ìbú, kò sì gbọdọ̀ wúwo ju gíráàmù 45.93. Ihò orí pápá jẹ́ mìlímítà 108 ní ìbú. Ìwọ̀n bọ́ọ̀lù ni kí ẹ fi sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń gé igi, torí òun ló ń sọ bí etí àpótí ṣe gbọ́dọ̀ ga tó.

Pákó àfàrà wán-báì-síìsì (ínǹṣì kan ní nínípọn, mẹ́fà ní fífẹ̀) ni mo rà ní Ṣọ́mìlì fún ẹ̀gbẹ́ àpótí. Igi gbígbẹ ni kí ẹ rà, bí ẹni tó ń tà á tilẹ̀ búra pé tútù náà kò ní wahala. Pákó tútù tí wọ́n kàn lásìkò òjò ló máa ń lọ́ nígbà ọyẹ́, tí sikúrúù á sì máa tú kúrò nínú rẹ̀. Yàtọ̀ sí pákó, mo lo pílíwúùdù mìlímítà 12, háádìbọ́ọ̀dù mìlímítà 3, bóòtù 17 mẹ́fà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10 fún ẹsẹ̀, àti bóòtù 13 mẹ́jọ tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 6 (17 àti 13 ni nọ́ńbà sípánà tó ń tú wọn). Ní ṣọ́ọ̀bù kan náà ni kí ẹ ti ra bóòtù àti nọ́ọ̀tì, kí ẹ sì wò ó kí ẹ tó sanwó: téèdì (ìlà tó yí ara bóòtù ká) mẹ́wàá lórí bóòtù 17 gbọ́dọ̀ jẹ́ mìlímítà 15. Èyí tí wọ́n tú lára mọ́tò sábà máa ń ní téèdì tó há ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní wọ nọ́ọ̀tì lásán, ìṣirò tí mo fẹ́ ṣe nísàlẹ̀ kò sì ní bá a mu.

Lẹ́yìn rándà, pákó náà ṣẹ́ kù sẹ̀ǹtímítà 14 ní gíga. Mo kan pílíwúùdù sínú rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 7.5 láti ìsàlẹ̀. Háádìbọ́ọ̀dù àti kápẹ́ẹ̀tì á wá lé e lórí, etí tó kù lókè koríko á sì jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4. Níbi tí àpótí méjèèjì ti pàdé, pákó kò gbọdọ̀ ga ju ojú pílíwúùdù lọ, torí ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù á gbà kọjá.

Ohun tó ń gbé ojú ìṣeré sókè ni ọ̀pá pẹlẹbẹ mẹ́ta: méjì nínú àpótí àkọ́kọ́, ní sẹ̀ǹtímítà 40 àti 80 láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan nínú àpótí kejì, ní sẹ̀ǹtímítà 30 sí ojú ìsopọ̀. Mo fi jígísọ́ gé e kúrò lára pílíwúùdù ìsàlẹ̀ gan-an, sẹ̀ǹtímítà 4 ní fífẹ̀, 52 ní gígùn. Ihò tó ti kúrò ni yóò máa padà sí bí a bá tú bóòtù. Lábẹ́ ihò yìí, mo kan pákó wán-báì-tíríì mọ́ ọn ní ìbú, kí ìsàlẹ̀ má bàa rọ, kí nọ́ọ̀tì sì lè rí ibi jókòó. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà jó nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan mọ́ páànù irin mìlímítà 3 tó ní ojú sikúrúù méjì. Nọ́ọ̀tì tí ẹ kàn fi òòlù gbá wọ inú igi á bẹ̀rẹ̀ sí í yí pẹ̀lú bóòtù láìpẹ́.

Ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ní bóòtù 13 méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ẹ lu ihò tó jìn ní mìlímítà 6 sí abẹ́ ọ̀pá náà kí ṣóńṣó bóòtù lè wọ̀ ọ́. Láìsí ihò yìí, bí ọ̀pá bá ti jáde kúrò lójú ihò pílíwúùdù, á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì ní padà mọ́. Ẹ fi rándà fá orí ọ̀pá kó rí róbótó. Orí tó bá mú á fà ìlà sójú koríko, bọ́ọ̀lù á sì máa fò níbẹ̀. Mo ní kí wẹ́dà jó irin kékeré mọ́ orí bóòtù kọ̀ọ̀kan ní àgbélébùú, mo sì gé ẹnu ìwọlé ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àpótí, sẹ̀ǹtímítà 12 ní fífẹ̀, 5 ní gíga, kí a lè yí wọn láìlo sípánà, láìdojú àpótí dé.

Háádìbọ́ọ̀dù ni gbogbo iṣẹ́ yìí rọ̀ mọ́. Ìpẹ̀kun kan ṣoṣo ni kí ẹ ti sikúrúù rẹ̀ mọ́, ìyẹn ojú ìsopọ̀. Ìpẹ̀kun kejì gbọ́dọ̀ lè rìn. Nígbà tí ojú bá ga ní mìlímítà 15 láàárín sẹ̀ǹtímítà 60, ọ̀nà tí háádìbọ́ọ̀dù ń gbà lórí òkè yẹn fi nǹkan bíi mìlímítà 1 gùn ju ilẹ̀ títẹ́ lọ. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kan ìpẹ̀kun méjèèjì mọ́lẹ̀, kò síbi tí àfikún yẹn á ti wá: á fa sikúrúù tu, tàbí kí ó kọ̀ láti gbéra. Mo gbẹ́ kòtò tóóró tó ga ní mìlímítà 5 sára pákó ìpẹ̀kun, etí háádìbọ́ọ̀dù wọ inú rẹ̀ láìsí gọ́ọ̀mù, mo sì fi àyè mìlímítà 5 sílẹ̀ fún un. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ náà, mìlímítà 3 ní ọ̀tún, 3 ní òsì.

Ẹ má retí kí háádìbọ́ọ̀dù rọ sọ́nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lè ga bí ebè, kò lè ga bí òkìtì; ẹni tó bá fipá ṣe é á gbọ́ ìró fífọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá yí bóòtù ọ̀tún ju ti òsì lọ, ebè náà á dagun, ìyẹn gan-an ló sì ń dá àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá lágara.

Ìyípo kan lórí bóòtù 13 jẹ́ mìlímítà 1.25. Ìyípo 12 ni mo fi ṣe òpin, ìyẹn mìlímítà 15. Etí àpótí á ṣẹ́ kù sẹ̀ǹtímítà 2.5 níbẹ̀. Àárín bọ́ọ̀lù ga ní nǹkan bíi 2.1, nítorí náà etí tó bá rẹlẹ̀ ju ìyẹn lọ á di àtẹ̀gùn tí bọ́ọ̀lù fi ń jáde.

Páìpù oní-ínǹṣì mẹ́rin tí àwọn púlọ́ńbà ń lò ni ihò. Inú rẹ̀ há díẹ̀ ju mìlímítà 108 lọ, kò ṣe nǹkan kan. Mo gé e ní sẹ̀ǹtímítà 6, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ háádìbọ́ọ̀dù, kì í ṣe mọ́ pílíwúùdù. Ihò inú pílíwúùdù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12 kí páìpù lè bá háádìbọ́ọ̀dù rìn.

Kápẹ́ẹ̀tì koríko tí irun rẹ̀ kò ju mìlímítà 10 lọ ni kí ẹ rà. Èyí tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́ ilé ga jù, á gbé bọ́ọ̀lù mì. Irun rẹ̀ ní ibi tó dùbúlẹ̀ sí, bọ́ọ̀lù sì máa ń yára síhà ibẹ̀. Nítorí náà, ìgbà tí mo de àpótí méjèèjì pọ̀ tán ni mo tó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo kọjá lórí wọn, mo wá fi abẹ tuntun là á lójú ìsopọ̀. Báyìí, irun kọjú sí ibì kan náà, ẹnu gígé sì bára mu. Gọ́ọ̀mù tí àwọn tó ń ṣe bàtà ń lò ló dára, torí ó máa ń rọ bí ó bá gbẹ. Gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà fi ń lẹ igi á le, á sì ṣí nígbà tí háádìbọ́ọ̀dù bá tẹ̀.

Bóòtù 13 méjì tó kù ló ń de àpótí pọ̀. Ẹ di pákó ìpẹ̀kun méjèèjì mọ́ra, kí ẹ fi díríìlì lu wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá lù wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan á ga ju èkejì lọ, bọ́ọ̀lù á sì fò ní gbogbo ìgbà tó bá dé ibẹ̀.

Ẹsẹ̀ mẹ́rin wà lábẹ́ àpótí àkọ́kọ́, méjì lábẹ́ ìpẹ̀kun àpótí kejì. Ẹ kọ́kọ́ fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì tọ́ mẹ́rin ti igun, lẹ́yìn náà kí ẹ sọ méjì àárín kalẹ̀ títí wọ́n á fi kan ilẹ̀ ṣá. Ẹsẹ̀ ọ̀tún jìnnà sí tòsì ní sẹ̀ǹtímítà 50, bóòtù 17 sì ń gòkè ní mìlímítà 1.5 ní ìyípo kan: ìyípo mẹ́wàá lápá kan á fún yín ní dídagun ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò. Bó bá yí fúnra rẹ̀, ẹ dín in kù, torí kò sẹ́ni tó lè gbá bọ́ọ̀lù tí kì í dúró.

Láti mọ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń sáré tó lórí koríko, irin Stimpson, ohun ìwọ̀n eré bọ́ọ̀lù tí Edward Stimpson ṣe ní 1935, ṣeé fi igi ṣe: pákó oní-kòtò tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 91, tí ẹ gbé orí rẹ̀ sókè ní 31. Orí pápá, sẹ̀ǹtímítà 76 láti ìsàlẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ti ń bọ́. Pátákó tiwa kúrú fún ìyẹn, ẹ fi ọwọ́ di bọ́ọ̀lù mú ní 38, kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì ṣe iye tó bá rìn ní ìlọ́po méjì. Èyí tó bá rìn sẹ̀ǹtímítà 120, ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, ó tó fún ọmọdé àti àgbà.

Ọ̀pá gbígbá àgbàlagbà sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 86. Orí pátákó yìí, bọ́ọ̀lù fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 11 ga ju ilẹ̀ tí èèyàn dúró lé lọ, nítorí náà mo gé tiwa sí 76, ti ọmọdé sí 58.

Kí ẹ tó kó o pamọ́, ẹ tú gbogbo bóòtù 13 sílẹ̀ pátápátá. Háádìbọ́ọ̀dù tó bá sùn ní títẹ̀ fún oṣù kan kò ní tẹ́ mọ́. Ẹ fi ọ̀dà olóròóró kun gbogbo etí rẹ̀ àti abẹ́ rẹ̀, ìpele méjì, pàápàá ẹnu ibi tí páìpù gbà kọjá, torí ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wú bí òjò bá kàn án.