Ẹ yéé fi àbá ra páàtì: àṣìṣe tí àwa oní-mọ́tò àgbà máa ń ṣe

Mọ́tò tí mò ń wà, 2003 ni wọ́n ṣe é, ó ti rin lé ní 214,000 máìlì, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo ti máa ń gbé e lọ sí Ọ̀yọ́ tàbí Ìlọrin ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀, torí náà ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe àgbọ́sọ o, èmi gan-an ni mo ti fowó kọ́ ọ.

Lọ́dún tó kọjá, ìgbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ti dá mi dúró ní Tákíé báyìí, ṣe ni stíárì á máa gbọ̀n lọ́wọ́ mi bí ẹni tí ibà ń ṣe, tí mo bá tẹ iná, á kọ́kọ́ fà sẹ́yìn kó tó lọ. Iná check engine tó wà níwájú stíárì tàn. Mẹkáníìkì ní kọ́ìlì, ìyẹn ohun tó ń fún plọ́ọ̀gì níná, ni, mo ra tòkunbọ̀ kan, a fi sí i, ó ṣì ń gbọ̀n. Ó ní "háà, á jẹ́ pé kì í ṣe kọ́ìlì nìyẹn". Èmi náà gbà, ibẹ̀ sì ni mo ti jìn sí kòtò. A fọ injector tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì, a pààrọ̀ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a ra pọ́ọ̀ǹpù epo, ó ń gbọ̀n síbẹ̀ náà ni. Wọ́n ti ń sọ fún mi pé kí n kúkú lọ ra odindi ẹ́ńjìnnì kí ọmọkùnrin kan tó wá fi skánà, ẹ̀rọ tó ń ka àléébù mọ́tò, wò ó, kóòdù P0302 ló gbé jáde, ìyẹn ni pé sílíńdà kejì, ọ̀kan nínú ibi mẹ́rin tí epo ti ń jó, ò jó dáadáa. Ó yọ kọ́ìlì orí ìkejì, ó gbé e sórí ìkẹta, ó gbé ti ìkẹta wá sórí ìkejì, ó pa kóòdù yẹn rẹ́, ó ní kí n lọ wà á yíká. Nígbà tí mo fi máa padà dé, P0303. Kọ́ìlì ni o! Èyí tí mo fowó mi rà ti kú kó tó dé ọwọ́ mi. Gbogbo ìdánwò yẹn ò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, mi ò sì ná kọ́bọ̀ lé e.

Torí náà ẹ má ṣe sọ láéláé pé "mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ẹ̀ ni, kò lè jẹ́ òun". Tòkunbọ̀ o, tuntun inú páálí o, ó lè ti bàjẹ́. Ẹ má dẹ̀ jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ nǹkan mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, torí tó bá dáa, ẹ ò ní mọ èwo ló ṣe é, tí kò bá sì dáa, wàhálà ti di méjì.

Skánà náà ní ti ẹ̀, ẹ má sọ ọ́ di wòlíì. Tó bá kọ P0171, àwọn kan á ní ẹ lọ ra oxygen sensor, èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ inú èéfín. Ohun tí kóòdù yẹn ń sọ kò ju pé afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ti pọ̀ ju epo lọ. Nínú mọ́tò àgbà, rọ́bà ló sábà máa ń là, pàápàá èyí tó ti ibi air filter wọ ẹ́ńjìnnì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kọ́lọ kọ́lọ, ẹ wo abẹ́ ẹ̀, ẹ máa rí ibi tó ti sán. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ojú ibi tí wọ́n ń ki skánà bọ̀, ó máa ń wà lábẹ́ stíárì, torí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa dÁfá sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì yín mọ́. Ẹ má sì yọ orí bátìrì kí iná check engine lè kú, ẹ̀rí tí mẹkáníìkì ì bá kà lẹ ń pa rẹ́ yẹn. Tó bá tàn lójú kan, ẹ lè rọra wà á dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n tó bá ń ṣẹ́jú, ẹ dúró, torí epo tí kò jó ti ń lọ ba catalyst, ohun tó ń fọ èéfín mọ́, jẹ́ nìyẹn.

Ti thermostat, ohun kékeré tó ń dá omi ẹ́ńjìnnì dúró títí á fi gbóná, ló ń bí mi nínú jù. Wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná, a ò nílò ẹ̀, wọ́n á yọ ọ́ sọnù. Ẹ gbọ́, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ kì í ṣí àfi tí omi bá gbóná tó nǹkan bí 82°C. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà mọ́tò, á máa rò pé ẹ́ńjìnnì ò tíì gbóná, á máa da epo sí i ṣáá, plọ́ọ̀gì á dúdú, owó epo yín á lọ sókè, ẹ ó wá máa bú àwọn tó ń ta epo. Tó bá ń hó, fáànù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, ẹ tan AC, ó yẹ kó máa yí. Ọkùnrin kan tí mo bá lọ́nà Odò Ọbà sáré da omi tútù sórí ẹ́ńjìnnì tó ń hó, mo pariwo, kò gbọ́, irin tó gbóná bẹ́ẹ̀ sì lè sán. Ìdérí rédíétọ̀ náà, ẹ fi í sílẹ̀ títí á fi tutù, ojú yín ṣe pàtàkì ju àpọ́ńtímẹ́ǹtì lọ.

Èéfín: búlúù, ọ́ìlì ló ń jó, dúdú, epo ti pọ̀ jù, funfun tí kò lọ bọ̀rọ̀, omi. Ṣùgbọ́n funfun díẹ̀ láàárọ̀ ọyẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ jàre.

Èyí tó kù ni pé kéèyàn máa gbé mọ́tò tó ti gbóná lọ fún mẹkáníìkì, nígbà tó jẹ́ pé àárọ̀ nìkan ló ń ṣe wàhálà. Tèmi máa ń kígbe "kra-kra-kra" tí mo bá tan án láàárọ̀, tí mo bá fi máa dé wọ́ọ̀kíṣọ́ọ̀bù, ó ti dákẹ́, wọ́n á wá máa wò mí bí ẹni tó ń pa ìtàn. Mo fi í sílẹ̀ sùn lọ́dọ̀ wọn lálẹ́ ọjọ́ kan. Aago méje àárọ̀, mẹkáníìkì fúnra ẹ̀ ló pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbọ́ ọ o."