Awùsá kì í ṣe black walnut: àṣìṣe tó ń ba igi eléso jẹ́ ní àgbàlá Èkó

Ẹni tó ní ẹbí ní Amẹ́ríkà lè ti gbọ́ ìkìlọ̀ yìí: ẹ má gbin ápù, blueberry tàbí tòmátò sí ìtòsí black walnut. Òótọ́ ni. Gbòǹgbò, ewé àti èèpo èso igi yẹn ní oró tí wọ́n ń pè ní juglone, ó sì lè ṣọṣẹ́ dé mítà 15 sí 18 sí ìdí igi. Tòmátò á rọ bó tilẹ̀ mu omi yó. Bí wọ́n gé igi náà pàápàá, gbòǹgbò tó kù nínú ilẹ̀ ṣì lè máa pa nǹkan fún ọdún mélòó kan.

Àṣìṣe ni kí ará Mushin tàbí Yaba torí èyí gé awùsá ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Orúkọ òyìnbó ló da àwọn méjèèjì pọ̀, torí African walnut ni wọ́n ń pe awùsá; wọn kì í ṣe ìbátan. Igi gàgàrà ni black walnut. Ìtàkùn ni awùsá. Omi tó máa ń korò lẹ́nu lẹ́yìn tí a bá jẹ ẹ́ kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé juglone wà níbẹ̀. Kìkì pé ẹ má jẹ́ kó gun gúáfà tàbí ọsàn yín, torí ó máa ń bo igi tó bá gùn mọ́lẹ̀.

Òjìji mángòrò àti fúrúùtù (igi tí àwọn kan ń pè ní almond) ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù. Gúáfà tí kò bá rí oòrùn wákàtí 6 lóòjọ́ á ga tẹ́ẹ́rẹ́, kò ní so dáadáa. Nínú ilẹ̀ oníyanrìn, gbòǹgbò igi ńlá ló tún máa ń mu omi tí ẹ bù fún kékeré. Bó bá rọ lọ́sàn-án tó sì jí lálẹ́, òǹgbẹ ni. Bó bá rọ nígbà tí ilẹ̀ rin gbingbin, ẹ wú u díẹ̀: gbòǹgbò dúdú tó ń rùn ti jẹrà nínú omi. Ní Ọbáléndé àti Ìkòyí, níbi tí omi ilẹ̀ kò jìn, orí ebè gíga, bíi sẹ̀ntímítà 30, ni kí ẹ gbìn ín sí, kọjá ibi tí ẹ̀ka igi ńlá parí sí. Ẹ má kó yẹ̀pẹ̀ lé gbòǹgbò mángòrò láti fi ṣe ebè. Ẹ ó sé atẹ́gùn mọ́ ọn, òun náà á sì hù wọ inú ebè yín.

Bí àyè kò bá sí, ẹ lo ike lítà 50 tí ẹ lu ihò sí ìsàlẹ̀, kí ẹ gbé e lé búlọ́ọ̀kù. Bó bá jókòó sórí ilẹ̀, gbòǹgbò fúrúùtù á gba ihò wọlé. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ sún un lẹ máa tó mọ̀.

Ewé fúrúùtù ńkọ́? Ẹ má tẹ́ ẹ lódindi sídìí ọ̀gbìn. Ó máa ń lẹ̀ pọ̀ bíi pépà, òjò winniwinni á sì ṣàn kọjá lórí rẹ̀. Ẹ já a wẹ́wẹ́, ẹ pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ, kó jẹrà di dúdú kí ẹ tó lò ó, kó má sì fara kan ìtì igi.